Blind zone: ibi tí ojú sátẹ́láìtì ò tó

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé blind zone, torí ọ̀rọ̀ náà dùn ju bó ṣe ń dún létí lọ.

Ní Antarctica, yìnyín ló ń bọ́ dípò òjò, mi ò sọ yìnyín olókùúta tó máa ń lu páànù wa o, eléyìí rọra ń já bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wọn iye tó bọ́? Tẹ́ ẹ bá gbé ike síta, atẹ́gùn ibẹ̀ á gbé èyí tó ti wà nílẹ̀ látijẹ́ta dà sínú ẹ̀, á tún fẹ́ tuntun kọjá lórí ẹ̀, ẹ ò ní mọ èwo lèwo. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi gbójú lé CloudSat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó gòkè lọ́dún 2006, tó sì ṣiṣẹ́ títí di 2023, ó wà ní nǹkan bí 700 kìlómítà lókè nígbà yẹn, rédà ara ẹ̀ á ju ìgbì sísàlẹ̀, á wá dúró de gbohùngbohùn tó bá ta lára yìnyín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà máa ń dá gbohùngbohùn padà, tiẹ̀ sì le fíìfíì ju ti yìnyín wẹ́wẹ́ lọ, àfi bíi kẹ́nì kan máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, kí lẹ fẹ́ gbọ́? Torí ẹ̀, nǹkan bí 1.2 kìlómítà tó kù kó kanlẹ̀, wọn kì í lò ó rárá. Blind zone nìyẹn.

Ni wọ́n bá gbé rédà kékeré tó ń jẹ́ MRR (Micro Rain Radar) kalẹ̀ ní Antarctica, wọ́n kọjú ẹ̀ sókè, ọ̀kan ní ibùdó Princess Elisabeth táwọn Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀kan ní Dumont d'Urville táwọn Faransé, létí òkun. Ohun tí wọ́n rí ní Dumont d'Urville yà mí lẹ́nu: yìnyín á máa pọ̀ sí i bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, àfi tó bá kù díẹ̀ kó dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, torí atẹ́gùn tó gbẹ táútáú ń ṣàn wálẹ̀ látorí òkè, ó sì ń sọ yìnyín di oru láìtiẹ̀ kọ́kọ́ yọ́. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2017 ní bíi 17 nínú 100 yìnyín Antarctica ló ń bá bẹ́ẹ̀ lọ. Sátẹ́láìtì ti kà á pé ó bọ́, kò sì débẹ̀! Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kùrukùru tó rẹlẹ̀ gan-an ló ń da yìnyín sílẹ̀, sátẹ́láìtì ò ní rí ìkankan níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń fi CloudSat wé MRR, ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́ o, CloudSat kàn ń fò kọjá ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ 16 ló máa ń gbà á kó tó padà sójú ọ̀nà kan náà, nígbà tí MRR wà lójú kan tọ̀sán-tòru. Àti pé MRR gan-an ní blind zone tiẹ̀, nǹkan bí 300 mítà tó sún mọ́ ọn jù, kì í rí i dáadáa.