Olùdíje àti ìpẹ̀yàrun lókè òkun: ohun tí ẹnu sọ, ohun tí àga lè ṣe

Bí ìpolongo ìbò bá dé Tàkíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ títì, omi àti yunifásítì LAUTECH ló máa ń gba ẹnu olùdíje. Bí ẹnì kan láàárín èrò bá wá béèrè ohun tí wọn yóò ṣe nípa ìpẹ̀yàrun, ìyẹn pípa ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan run, tó ń lọ nílẹ̀ òkèèrè, ìdáhùn tó sábà ń jáde ni pé ó dùn wọ́n, wọ́n sì ń gbàdúrà. Èyí kò sọ ibi tí ẹnikẹ́ni dúró sí. Agbára tí òfin fi sára àga tí olùdíje ń dù, àti bó ṣe fẹ́ lò ó, ni olùdìbò lè fi díwọ̀n rẹ̀.

Gómìnà kò ní ìpín níbẹ̀. Alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀ kò ní. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àti ọ̀rọ̀ ológun wà nínú àtòkọ tí ìwé òfin ọdún 1999 yà sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àwọn 32 tó ń jókòó nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ilẹ̀kùn tóóró kan ṣoṣo: bí àdéhùn àgbáyé kan bá kan ohun tí kò sí nínú àtòkọ yẹn, àbádòfin rẹ̀ kò lè di òfin àfi bí èyí tó pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 36 bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, olùdíje sípò gómìnà tó bá ń ṣèlérí pé òun á dá ìpẹ̀yàrun dúró lókè òkun, ọjà tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń ná fún wa.

Ọwọ́ Ààrẹ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Òun ló ń pinnu bí aṣojú Nàìjíríà yóò ṣe dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 1994, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní Rwanda, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 15 tó jókòó ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ìgbìmọ̀ náà dín àwọn ọmọ ogun aláàbò tó wà níbẹ̀ kù sí nǹkan bí 270. Gbogbo wọn ló dìbò bẹ́ẹ̀ ni, tiwa náà wà níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, èèyàn tó tó 800,000 ti bá a lọ. Ìjọba ológun ló wà ní Àbújá nígbà náà. Kò sí sẹ́nétọ̀ kankan tó lè bi wọ́n léèrè.

Ààrẹ náà ló lè pe orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2019, Gáḿbíà, tí èèyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, gbé Myanmar lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague nítorí àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan níbẹ̀. Kò bá Myanmar pààlà, kò sì sí ọmọ Gáḿbíà kankan nínú àwọn tí wọ́n pa. Àdéhùn ọdún 1948 lórí ìpẹ̀yàrun ló fún un láyè, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wọ inú rẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹlòmíì lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. South Africa gba ọ̀nà kan náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2023 nígbà tó pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ lórí Gásà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn yìí ní 2009. Nítorí náà, olùdíje sípò Ààrẹ tó bá ní kò sóhun tí apá wa ká, apá Gáḿbíà ká a.

Àga tó sún mọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti sẹ́nétọ̀. Ẹ kíyè sí ààlà o: Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù àti Oríire ń dìbò fún sẹ́nétọ̀ Àríwá Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Súrùlérè àti Ògo Olúwa bá ìlú Ọ̀yọ́ lọ sí Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́. Abala 5 ìwé òfin sọ pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin Àgbà ti kọ́kọ́ gbà. Bí ewu bá ti sún mọ́lé, ó lè kó wọn lọ ná lẹ́yìn tó bá ti fikùn lukùn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ààbò Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá gbàṣẹ. Ilé náà ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ní 2004 nígbà tí ilé náà fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun tó tó 1,500 lọ sí Darfur ní Sudan. Ilé yìí kan náà ló ń ṣàyẹ̀wò áńbásádọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Aṣojú-ṣòfin kò ní ohùn lórí rírán ọmọ ogun bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni owó ìṣúná àti òfin. Abala 12 ní àdéhùn àgbáyé kò lágbára òfin nílé àfi bí aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ hàn ní oṣù Keje 2013. Omar al-Bashir, Ààrẹ Sudan nígbà náà, wá sí ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé ti ní kí wọ́n mú un lórí ìpẹ̀yàrun ní Darfur. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn ilé ẹjọ́ yẹn láti 2001, ṣùgbọ́n aṣòfin kò tíì sọ ọ́ di òfin nílé nígbà náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Bashir. Ìjọba ní ìpàdé àjọ ló bá wá, ọkùnrin náà sì tètè palẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tó yẹ aṣojú-ṣòfin, nígbà náà, ni bóyá ó máa gbé àbádòfin lórí ìpẹ̀yàrun wọlé, kó sì tì í dé kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta nílé aṣòfin.

Wíwo ohun tí ẹni tó ti wà nípò ṣe tẹ́lẹ̀ ṣòro ju bó ṣe yẹ lọ. Ohùn ẹnu ni wọ́n fi ń dìbò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan: àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, olórí ilé á gbá òòlù. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ohun tí èèyàn lè rí nínú àkọsílẹ̀ ilé ni orúkọ ẹni tó gbé àbá wá àti ohun tó dìde sọ. Àbá tí wọ́n sì fi dá orílẹ̀-èdè kan lẹ́bi kì í ṣe òfin. Ààrẹ lè gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí olùdíje bá ń fi irú àbá bẹ́ẹ̀ yangàn, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó tẹ̀ lé e.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an tún máa ń da nǹkan rú. Kì í ṣe gbogbo ìpànìyàn ni ìpẹ̀yàrun. Àdéhùn 1948 ka ìwà márùn-ún: pípa àwọn èèyàn ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan, ṣíṣe wọ́n léṣe ní ara tàbí ní ọpọlọ, fífi wọ́n sípò tí wọn kò ti ní lè yè, dídá ọmọ bíbí wọn dúró, àti fífi ipá kó ọmọ wọn fún ẹlòmíì. Ó tún gbọ́dọ̀ hàn pé ńṣe ni ẹni tó ṣe é fẹ́ pa wọ́n run, lódidi tàbí lápá kan. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń há. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ìtàn oṣù Kọkànlá 1969, tí ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ìyà ńlá nìyẹn, ìpẹ̀yàrun kọ́.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé olùdíje á sọ ti Gásà ní mọ́ṣáláṣí, bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì á sọ ti àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pa, kò sì ní sọ ti Sudan níbì kankan. Ìbéèrè kan náà, ní ọ̀rọ̀ kan náà, lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ fó. Lórí rédíò tí ará ìlú ń pè sí, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, nítorí náà kí ìbéèrè kúrú, kó sì dárúkọ abala òfin: "Bí Ààrẹ bá mú ìwé wá lábẹ́ abala 5 láti kó ọmọ ogun lọ sí Sudan, ẹ̀ẹ́ gbà àbí ẹ̀ẹ́ kọ̀, kí sì ni ẹ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?" Bí olùdíje bá yà bàrá sí ọ̀rọ̀ àdúrà, kí olóòtú rédíò tún ìbéèrè náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i.