Ìdí Tí Panápaná Kì Í Fi Í Sáré Fọ́ Fèrèsé

Bí iná bá ń jó nínú ilé ìtajà alájà mẹ́ta kan ní òpópónà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́, ohun tí àwọn èrò ẹsẹ̀ títì kọ́kọ́ máa ń pariwo mọ́ àwọn panápaná ni pé kí wọ́n fọ́ fèrèsé kí èéfín lè ráyè jáde. Bí àwọn panápaná náà bá ṣì ń na rọ́bà omi wọn, wọn yóò ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fífọ́ fèrèsé kí omi tó dé ni ó léwu jù.

Àwọn tí ń sun èédú nínú oko kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Wọn yóò to igi jọ, wọn yóò fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọn yóò finá sí i, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, nítorí pé bí iyẹ̀pẹ̀ bá ya níbì kan péré, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, igi tí ó yẹ kí ó di èédú yóò sì di eérú. Iná inú òkìtì náà kò kú, ebi afẹ́fẹ́ ni ó ń pa á. Bákan náà ni ilé ìtajà tí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni ọ́síjìn. Bí èyí bá dín kù sí nǹkan bí 15, ọwọ́ iná yóò rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ooru yóò ṣì máa yọ gáàsì lára tìmùtìmù, aṣọ àti ike. Èéfín dúdú kíki yẹn gan-an, oúnjẹ iná ni. Ẹni tí ó bá fọ́ fèrèsé nígbà náà ti ya òkìtì.

Ibi tí ilé ńlá ti burú ju òkìtì lọ ni pé àjà rẹ̀ ga: èéfín gbígbóná lè kó jọ sókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì tutù, tí panápaná yóò sì rìn jìnnà wọlé. Ní ọdún 2007, panápaná 9 kú nínú ilé ìtajà àga ní Charleston, ní Amẹ́ríkà. Fífọ́ tí a fọ́ fèrèsé iwájú wà lára ohun tí ó fún iná yẹn lágbára.

Nítorí náà, àwọn panápaná a máa pa ilẹ̀kùn dé mọ́ rọ́bà omi tí ó gba ẹnu rẹ̀ kọjá, wọn a sì dúró kí omi ba iná kí wọ́n tó ṣí ojú ihò ní tòsí ibi tí ó ti ń jó. Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀, àmọ́ ó gbà pé ihò wà láti ṣí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà wa, irin ni ó bo gbogbo fèrèsé nítorí olè, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò ọ̀gá tí ó ti lọ sílé.