Bí Olùwádìí Ṣe Ń Mọ Ohun Tí Ọmọ Ìkókó Mọ̀

Ẹ sọ fún ìyá ọlọ́mọ kan ní Kabba tàbí ní Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, pé ọmọ tuntun kò mọ ohùn ìyá rẹ̀, kíá ló máa bá yín jiyàn. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i: ẹlòmíì ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kò dákẹ́, òun kàn sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, ẹkún dá. Olùwádìí kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yọ gbogbo ohun mìíràn tó lè fa irú rẹ̀ kúrò. Ó lè jẹ́ pé ohùn obìnrin èyíkéyìí á pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ọmọ kò sì lè sọ tẹnu rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti wá ibi tí ara rẹ̀ ti lè dáhùn.

Ọmú mímu ni ọ̀nà kan. Ọmọ kì í fa ọmú láìsinmi: á fà á léraléra, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, Anthony DeCasper àti William Fifer ní Amẹ́ríkà fi orí ọmú rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 3 láyé. Fún àwọn kan, bí ìdúró wọn bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn ìyá wọn ni ẹ̀rọ á gbé jáde. Bó bá kúrú, ohùn obìnrin mìíràn ni. Fún àwọn yòókù, wọ́n yí i padà. Ohun tó bá máa mú ohùn ìyá wọn jáde ni àwọn ọmọ náà ń ṣe. Inú yíyí padà yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà. Bó bá jẹ́ pé ìdúró gígùn ló kàn rọ ọmọ lọ́rùn, kí ni àwọn kejì ń mú tiwọn kúrú sí?

Ojú ni wọ́n ń lò jù. Ohun tó bá ti sú ọmọ, á gbójú kúrò lára rẹ̀. Ohun tuntun, á tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n á fi ohun kan náà hàn án, tàbí kí wọ́n gbé ìró kan náà fún un, títí á fi sú u, wọn á wá pààrọ̀ rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá tún là sí i, ó ti mọ ìyàtọ̀ nìyẹn.

Yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀. Orí itan ìyá ni ọmọ ń jókòó sí. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo ìyá létí, orin á máa dún níbẹ̀, kó má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbé fún ọmọ. Bí òun bá gbọ́ ìyàtọ̀, ara rẹ̀ lè ta díẹ̀, ọmọ á sì mọ̀ ọ́n. Kámẹ́rà kékeré kan dojú kọ ọmọ. Ẹni tó máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọmọ fi wò kò mọ ohun tí wọ́n ń fi hàn án. Fídíò ojú ọmọ nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí yìí ṣiṣẹ́ ṣe máa pẹ́ gan-an nídìí irú fídíò bẹ́ẹ̀ kó tó dé ìdí ìṣirò.

Orí yíyí ni Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà lò ní tiwọn: wọ́n kọ́ ọmọ láti yí orí bí ìró bá yí padà, wọ́n sì fi hàn ní 1984 pé ọmọ oṣù 6 sí 8 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé lè mọ ìyàtọ̀ ìró èdè Híńdì tí etí àgbàlagbà ilé wọn kì í sábà mú. Nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù 10 sí 12, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Etí wọn kò bàjẹ́. Ìsopọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ọmọ ń ṣe máa ń pọ̀ ju èyí tó máa lò lọ. Èyí tó ń lò á lágbára, ọ̀pọ̀ èyí tí kò lò á sì kúrò, bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó fún jù tu.

Ohùn ọ̀rọ̀ tiwa náà wà nínú rẹ̀. Phil Harrison tẹ ìwádìí jáde ní 2000 lórí àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8: etí àwọn tó ń gbọ́ Yorùbá nílé ti ń yàtọ̀ sí ti ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ohùn òkè bá ti yà kúrò lára àwọn ohùn yòókù. Ọmọ náà kò tíì lè pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tó fi ń dunni nígbà tí àwọn òbí ní ilẹ̀ Òkun bá ń fi ẹ̀ka èdè wọn, Yàgbà, Òwé tàbí Ìjùmú, pa mọ́ fún ọmọ, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Ọpọlọ ọmọ gba ju èdè kan lọ. Ènìyàn ló kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà wá bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ oṣù 9 ṣeré, wọ́n sì fi irú eré kan náà han àwọn mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó rí ènìyàn kọ́ ìró èdè náà. Àwọn ti tẹlifíṣọ̀n kò kọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà tó ń kọrin fún ọmọ lẹ́yìn ń ṣe ohun tí fóònù kò lè ṣe.

Lóde òní, wọ́n tún ń ka ọpọlọ gan-an. Wọ́n á dé fìlà tó ní iná tín-tìn-tín fún ọmọ. Agbárí ọmọ ṣì fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ iná náà á wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í gba iná bákan náà, nítorí náà iná tó padà ń sọ apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ kò ní láti dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ aláriwo tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n ti lo fìlà yìí fún àwọn ọmọ ní Keneba, abúlé kan ní Gáḿbíà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá tàbí ẹ̀kọ́ èdè. Oyè ọ̀mọ̀wé á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ olùwádìí àgbà fún ọdún bíi mélòó kan kó tó dá dúró. Kó tó fọwọ́ kan ọmọ kankan, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún òbí lédè tí òbí gbọ́ yékéyéké, ibí yìí sì ni ọmọ ilẹ̀ Òkun ti máa wúlò ju àlejò lọ. Ìyá lè ní òun kò ṣe mọ́ nígbàkigbà, kò sì ní láti sọ ìdí. Bí ọmọ bá sunkún, wọ́n á dá a dúró. Bó bá sùn, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ ilé, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.