Lẹ́tà Tó Gbọ́dọ̀ Bá Aboyún Dé Jẹ́nẹ́rà

Bí ìfúnpá aboyún bá dé 140/90 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí pùrótéènì sì yọ nínú ìtọ̀ rẹ̀, àìsàn tó máa ń fa gìrì aboyún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá wá dé 160/110, tàbí tí orí ń fọ́ ọ kíkankíkan, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí òkè ikùn ń dùn ún, ọ̀rọ̀ ti kọjá “ẹ lọ sinmi, ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè”. Jẹ́nẹ́rà, ọsibítù ńlá ti ìjọba, ló kàn, lójú ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kò ní tíátà, kò ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní dókítà. Nọ́ọ̀sì tó ní kí ẹ máa lọ kò jẹ̀bi àìmọṣẹ́. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aboyún lè kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe ohun tó yẹ, kó dé ibi tí wọ́n mọ ohun tó yẹ, kó sì bọ́ sí wàhálà nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe níbi àkọ́kọ́ kò tẹ̀ lé e dé ìkejì.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate gbọ́dọ̀ ti wọlé. Òun ló ń dá gìrì dúró, òun náà ló ń dènà rẹ̀. Níbi tí kò ti sí dókítà, gíráàmù 10 ni wọ́n ń fún un sínú ẹran ìdí: 5 lápá ọ̀tún, 5 lápá òsì. Bí oògùn náà bá jẹ́ oní-50%, mílílítà 10 ni ìdí kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ó máa ń dunni gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po mílílítà 1 lignocaine, oògùn tó ń pa ìrora, mọ́ ọn nínú síríńjì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó mú síríńjì ńlá méjì dání, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù. Ìdajì oògùn lè má dá gìrì dúró.

Ibí yìí ni lẹ́tà tí nọ́ọ̀sì fi ń rán aboyún lọ sí Jẹ́nẹ́rà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Jẹ́nẹ́rà náà ní oògùn yìí. Bí obìnrin náà bá dé tí kò sí àkọsílẹ̀ ohun tó gbà àti aago tó gbà á, dókítà yóò máa méfò ni. Ó lè fún un ní odindi ìwọ̀n àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí oògùn pọ̀ jù lára rẹ̀: bí wọ́n bá gbá a lórúnkún wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ kò ní ta, mímí rẹ̀ á wálẹ̀ sábẹ́ 16 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì lè dúró pátápátá bí wọn kò bá tètè fi calcium gluconate pa oògùn náà. Tàbí kí dókítà rò pé ó ti gbà á nígbà tí kò gba nǹkan kan, kí gìrì sì dé bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Gíráàmù 5 ni wọ́n máa ń fún un tẹ̀ lé e ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Láti ìgbà wo ni wọn yóò ti ka wákàtí mẹ́rin náà bí kò bá sí aago lórí ìwé?

Irú lẹ́tà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni èyí tó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tọ́jú obìnrin yìí. A dúpẹ́.” Èyí tó wúlò kò gùn jù báyìí lọ, bí a bá fi Yorùbá kọ ọ́:

“Ọmọ ọdún 24, oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 34. Orí ń fọ́ ọ láti àná. Ìfúnpá 170/115 ní aago 1:50 ọ̀sán, pùrótéènì ++. Gìrì kò tíì mú un. Magnesium sulphate gíráàmù 10 sí ìdí méjèèjì, aago 2:15. Nifedipine (oògùn tó ń mú ìfúnpá wálẹ̀) mílígíráàmù 10, ó gbé e mì, aago 2:20. Ìfúnpá 155/100 ní aago 2:50. Ọkàn ọmọ ń lù, 144. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ O+. Ó jẹun kẹ́yìn ní aago 10 àárọ̀. A ti fóònù yàrá ìrọbí yín, wọ́n ní ká máa bọ̀.”

Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló kù.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra: ṣé aago abẹ́rẹ́ wà nínú lẹ́tà? Ṣé wọ́n ti pe Jẹ́nẹ́rà, ṣé bẹ́ẹ̀dì wà? Ìpè ìṣẹ́jú méjì yẹn ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n dé ẹnu géètì kí wọ́n tún máa wá ọsibítù mìíràn kiri. Ẹ fi fóònù ya lẹ́tà náà, kí ẹ di ìwé gan-an mú lọ́wọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ báàgì ẹrù ọmọ, inú báàgì náà ló sábà ń sùn sí. Ẹ mú ẹni méjì tó lè fún un lẹ́jẹ̀ dání. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí gìrì bá mú un lójú ọ̀nà, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì rọ nǹkan kan sí i lọ́fun. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má yà sílé agbẹ̀bí tàbí ilé àdúrà kankan. A mọ̀ pé ẹ̀rù tíátà ló ń fa èyí, ẹ̀rù náà sì yé wa, ṣùgbọ́n wákàtí tó bá lọ síbẹ̀ kò ṣeé rà padà.

Bí ẹ bá dé, yàrá ìrọbí ni kí ẹ kọrí sí. Kí ẹnì kan ṣoṣo lọ tò fún káàdì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 20, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì fún ìdíkídìí. Owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ ni ìjìyà rẹ̀, tàbí méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Òǹdó dá ètò Àbíyè sílẹ̀ ní 2009, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n kà sí ohun tó ń pa aboyún: kí ẹbí tó pinnu, kí wọ́n tó dé ibi ìtọ́jú, kí wọ́n tó dá wọn lóhùn níbẹ̀, àti kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹrin yìí, ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera ló wà.

Lẹ́tà kejì wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó yẹ kó ti Jẹ́nẹ́rà padà wá. Ìbímọ kọ́ ni òpin àìsàn yìí. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù, nígbà tí ìyá ti wà nílé tó ń gba àlejò, gìrì sì lè mú un nígbà náà pẹ̀lú. Bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé yín kò bá gbọ́ nǹkan kan láti Jẹ́nẹ́rà, oògùn ọ̀sẹ̀ kan á tán, ìyá á dáwọ́ dúró, tó bá sì gbé ọmọ wá gba àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ nìkan ni wọ́n á yẹ̀ wò. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní Jẹ́nẹ́rà, ẹ gba ìwé tó sọ bó ṣe bímọ, ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún un wò. Ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ìyá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọn ọmọ.

Ẹ tọ́jú ìwé náà di oyún mìíràn. Ẹni tí àìsàn yìí ti mú rí máa ń nílò aspirin kékeré, mílígíráàmù 75 lójúmọ́, ó sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20. Dókítà ni yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹta oyún kò lè rán an lọ gbà á bí kò bá rí lẹ́tà yẹn.