Nígbà tí pọ́ǹpù fákúùmù AC bá ń dún tí kò sì fà

Tí wọ́n bá ti tú AC, tí wọ́n jó páìpù rẹ̀ pọ̀ tán, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ti gba inú rẹ̀ nìyẹn. Pọ́ǹpù fákúùmù ló ń lé wọn jáde kí gáàsì tuntun tó wọlé. Kì í gbọ́n omi bí ẹ̀rọ kànga. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù títí tí kò fi sí ohun tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ mọ́, omi náà á sì di oru láìsí iná. Ní Èkó tó wà létí òkun, ìwúwo afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 760,000 micron (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan), omi kì í sì í hó àfi kó gbóná dé 100°C. Tí pọ́ǹpù bá fà á wálẹ̀ dé 500 micron, ọ̀rinrin ò ní lè dúró, kódà kó tutù bíi yìnyín. Abẹ́rẹ́ géèjì tí wọ́n fi ń rọ gáàsì kì í fi èyí hàn. Ó lè ti dúbúlẹ̀ sísàlẹ̀ òdo nígbà tí omi ṣì wà nínú páìpù. Géèjì tó ń ka micron ni kí wọ́n gbà gbọ́.

Tí géèjì bá kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù kọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá wí. Kí wọ́n yọ gbogbo họ́ọ̀sì, kí wọ́n wé géèjì mọ́ ẹnu pọ́ǹpù gan-an, kí wọ́n tàn án. Tó bá já wálẹ̀ kọjá 500 kíá, ara pọ́ǹpù dá. Ibòmíràn ló ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà róbótó inú orí họ́ọ̀sì ni. Á ti pẹlẹbẹ, á ti sán, tàbí kó tilẹ̀ ti bọ́ sọnù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú káwọn kan gbé pọ́ǹpù tó dáa lọ sọ́dọ̀ atúnṣe.

Tí kò bá já wálẹ̀ níbẹ̀ náà, ọ́ìlì ló kàn. Ọ́ìlì ni pọ́ǹpù fi ń dí àlàfo inú ara rẹ̀, òun náà ló sì ń gba ọ̀rinrin tó fà. Lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà rin gbingbin láti Èbúté Mẹ́ta dé Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í pẹ́ bàjẹ́ rárá. Gíláàsì kékeré ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù á sọ ọ́: ọ́ìlì tó dáa mọ́ gaara, èyí tí omi ti wọ̀ á funfun bí omi ògì. Pọ́ǹpù ò lè fà dáadáa pẹ̀lú ìyẹn, torí omi inú ọ́ìlì ló ń di oru padà. Kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tú ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbé e dagun kí èyí tó kù sí kọ̀rọ̀ lè ṣàn jáde. Tuntun á dúró sáàárín ìlà méjì ojú gíláàsì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládipọ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí. Àwọn èròjà inú rẹ̀ á máa di oru nínú pọ́ǹpù. Ọ́ìlì pọ́ǹpù fákúùmù ni kí wọ́n rà.

Èéfín funfun níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Tí kò bá dáwọ́ dúró, bóyá ọ́ìlì ti pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé níbì kan.

Tí pọ́ǹpù bá ń kùn tí kò yí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀ kí wáyà inú mọ́tò má baà jó. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà láti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré nísàlẹ̀ dé àjà kẹta ní ọjà Balógun máa ń pa iná kù lójú ọ̀nà. Tó bá tún kùn lórí iná tó dáa, ó di kapásítọ̀ (èyí tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí), tàbí kó jẹ́ pé inú pọ́ǹpù ti gán.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, kí wọ́n sáré ti fáàfù tó wà láàárín pọ́ǹpù àti AC, torí páìpù tó ṣófo lè fa ọ́ìlì pọ́ǹpù sínú AC. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí iṣẹ́ bá parí: fáàfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì kí wọ́n tó pa pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣọ́ géèjì fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tó bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró, ọ̀rinrin ló ṣẹ́ kù, kí wọ́n fà á sí i. Tó bá ń gòkè ṣáá, páìpù ń jò.