Ìfipákósọ̀ ni ẹ pè é

Mo kọ àlàyé kan nípa ìrìn-àjò lọ sí Huacachina, ní orílẹ̀-èdè Peru. Nígbà tó fi máa jáde, olóòtú ti yọ ọ̀rọ̀ mi, ìfipákósọ̀, orúkọ tí mo fún eré fífi pákó yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkìtì iyanrìn, ó ti fi "sáńdíbọ́ọ̀dìn" tí a yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. A yá bọ́ọ̀lù, a yá kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ti di tiwa. Ṣùgbọ́n iyanrìn ńkọ́? Pákó ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ wọ́n nínú wa tí a ó fi lọ yá orúkọ wọn níta?

Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an kò ṣòro. Ẹ ti mọ aṣálẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń kó iyanrìn ibẹ̀ jọ. Èèyàn á gbé pákó pẹlẹbẹ dé orí òkìtì, á fi àbẹ́là pa abẹ́ rẹ̀ kó lè máa yọ̀, á bọ́ sórí rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀. Àwọn kan a máa dúró, àwọn kan a máa dojú bolẹ̀; ohun kan náà ni. Ní Swakopmund, ní Namibia, àwọn tó ń dojú bolẹ̀ lè sáré tó kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan.

Ẹ wo gàrí nínú igbá ìyá tó ń tà á lọ́jà. Bó bá da kóńgò kan sí i lé e lórí, gàrí á ya wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó ti wù kó dà á tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní dúró ṣánṣán bí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń ṣe iyanrìn: ó ń gbé e gba ẹ̀gbẹ́ tó rọra dagun, ó ń dà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ti ibẹ̀ sì ń ya títí yóò fi dúró ní nǹkan bí dígírì 34. Ẹ̀gbẹ́ tó ń ya yẹn ni pákó ń bá sọ̀. Bí omi bá kan gàrí, á dì mọ́ra, kò ní ya mọ́; iyanrìn tó tutù náà, ńṣe ló ń di pákó mú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní òkìtì, tí n kò pè é ní òkè. Òkè kì í ṣí nídìí. Kódà Cerro Blanco, nítòsí ìlú Nazca ní Peru, tó fi mítà tó lé ní 2,000 ga ju ojú òkun lọ, òkìtì ni. Iyanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ni.

Ẹnì kan ní ká pe eré náà ní "ìyọ̀yanrìn". Ẹ fetí sí i dáadáa: iyọ̀ ọbẹ̀ ni èèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́. Òmíràn ní "eré yìnyín orí iyanrìn". Ọmọ tí kò rí yìnyín nílẹ̀ rí, ṣé yìnyín ni a ó fi ṣàlàyé iyanrìn fún? "Pátákó" tí àwọn kan ń lò, ohun tí à ń kọ nǹkan sí lára ni. Èyí tó burú jù ni "gígun-pákó iyanrìn", nítorí ó kọjú eré náà sódì. Pákó kì í gun òkìtì. Ní Cerro Blanco, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń gbéra kí oòrùn tó mú, wọ́n á gbé pákó lé èjìká, wọ́n á fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta rìn nínú iyanrìn tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ẹsẹ̀ ló ń gùn. Iṣẹ́ pákó kò ju kó sọ̀ lọ, bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, bí ẹlẹ́mu ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ.

Olóòtú mi ní bí a kò bá fi àmì sí i, àwọn èèyàn á kà á sí "ìfipákósọ", bí ẹni ń fi pákó sọ̀rọ̀. Kí a fi àmì sí i nígbà náà! A kò pa ọkọ̀ tì nítorí pé ó jọ ọkọ́. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bákan náà ni a sì ṣe hun èyí. Ó rọrùn láti tú palẹ̀ sínú gbólóhùn pẹ̀lú: "Ṣé ẹ ti fi pákó sọ̀ rí?" "Bẹ́ẹ̀ ni, a fi pákó sọ̀ ní Huacachina lẹ́ẹ̀mẹta."