Omi Wo Ló Wọ Ẹ́ńjìnì?

Bí o bá ń gun máṣíìnì tó ti pẹ́ ní Ìlọrin, o ti gbọ́ ọ rí: "Omi ti wọ ẹ́ńjìnì ẹ." O fọ máṣíìnì tán, ó ń dán, o fi ẹsẹ̀ ta á, ó dáhùn. Kó o tó dé Challenge, ó ti ń wúkọ́ bí ẹni tí ata gbígbẹ há sí lọ́nà ọ̀fun. Ó ń mísì, ó ń dún pàó-pàó nínú sàlẹ́ńsà, ibi tó o ti fẹ́ fún un ní tọ́tù gan-an ni yóò ti já ọ kulẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá wà nítòsí á tẹ́tí sí i díẹ̀, á mirí, gbólóhùn yẹn á sì jáde. Láti ibẹ̀, ó di pé kí wọ́n da ọ́ìlì nù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń ní káwọn ṣí orí ẹ́ńjìnì wò.

Èmi náà gbà á gbọ́. Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ń gùn. Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀ kan, mo gbé e lọ bá àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ní Tanke, torí eruku ọyẹ́ ti sọ ọ́ di pupa bí ògiri ilé alámọ̀. Ẹ̀rọ tó ń tu omi jáde bí ìbọn ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí mo máa fi dé Gáréèjì Ọ̀fà, ó kú pátápátá. Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ ní omi ni. Ó gbé agbada pẹlẹbẹ kan sábẹ́ rẹ̀, ó tú bóòtù, ọ́ìlì ń ṣàn bọ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn: ó dúdú bí aró, kò sí funfun kankan nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rí nìyẹn. Mo ti fẹ́ pẹ́ fún ìrun, mo fi máṣíìnì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, mo lọ. Nígbà tí mo padà, ọ́ìlì tuntun ti wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan péré ni mo ta, ó jí. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́.

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, mo fọ̀ ọ́, ó tún kú. Ọ́ìlì tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan!

Ẹ bá mi wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Kí n tó lọ kírun kí n sì tó dé, máṣíìnì ti wà nínú oòrùn ọ̀sán Ìlọrin fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ohun tó tutù lára rẹ̀ ti gbẹ. Oòrùn ló ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ló gba ìyìn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ omi-wọ-ẹ́ńjìnì yìí ò fi ní kú láéláé nìyẹn: ẹni tó bá da ọ́ìlì nù á rí i pé ó dára, ẹni tó bá fẹnu fẹ́ kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, á rí i pé ó dára, ẹni tó bá sì lọ jẹ àmàlà tó jókòó sinmi díẹ̀, tòun náà á dára.

Ẹ́ńjìnì kò ṣí sílẹ̀ bí ìkòkò. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì síìlì ló dí ojú ìsopọ̀ irin rẹ̀. Òjò ń pa àwọn ọlọ́kadà láti Ọ̀fà dé Ajásẹ́, wọ́n á débẹ̀ tí omi á máa ro lára wọn, ẹ́ńjìnì kò sì ní mu ẹ̀kán kan. Ṣé korobá omi kan ló wá fẹ́ ṣe ohun tí òjò ò lè ṣe?

Bàbá mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Ìpàtà ló là mí lóye. Kò tiẹ̀ tíì fọwọ́ kan máṣíìnì tó fi bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ́ìlì tí wọ́n dà nù yẹn, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dúdú ni, Bàbá."

"Kò rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí?"

"Rárá, sà."

"Omi wo ló wá wọ̀ ọ́?"

Ó ní kí n dúró di alẹ́, kí n gbé máṣíìnì síbi tó ṣókùnkùn, kí n tan án, kí n wá fín omi díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, àti wáyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì mo gbé ike tí ìyàwó mi fi ń fín omi sáṣọ tó bá fẹ́ lọṣọ. Òkùnkùn kò wọ́n wa, wọ́n kúkú ti mú iná lọ. Mo fín in lẹ́ẹ̀kan. Iná búlúù tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára rọ́bà tó dé púlọ́ọ̀gì lórí, ó ń ṣẹ́jú bíi tanátaná, ó ń dún tá-tá-tá, ó sì ń fò sórí irin ẹ́ńjìnì. Lójú ẹsẹ̀, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. (Bí o bá fẹ́ dán an wò, rí i dájú pé epo kò jò níbì kankan, má sì fọwọ́ kan wáyà yẹn. Yóò gbọ̀n ọ́ débi tí wàá rántí orúkọ ìyá àgbà.)

Iná tó ń lọ síbi púlọ́ọ̀gì lágbára gan-an. Iná ilé wa, 230 fóòtì ni. Ti púlọ́ọ̀gì máa ń ju 10,000 fóòtì lọ, torí ó ní láti fo àlàfo kan tí kò tó mìlímítà kan nínú ẹ́ńjìnì kó tó lè ta sí epo. Iná tó lágbára báyẹn kì í jìyà gba ọ̀nà tó le bó bá rí èyí tó rọrùn. Omi tí ọṣẹ àti eruku ti pò mọ́ máa ń gbé iná. Bí rọ́bà bá ti sán, tí omi yìí bá ráyè wọ ojú sísán náà, iná á gba ìta bọ́ sára irin, púlọ́ọ̀gì ò ní rí nǹkan kan ta. Epo á wọlé, kò ní jó, á bá sàlẹ́ńsà jáde, ibẹ̀ ló ti ń bú.

Máṣíìnì tuntun kì í ṣe báyìí, torí rọ́bà rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì fún mọ́ púlọ́ọ̀gì. Ti bàbá mi yìí, ooru ẹ́ńjìnì ti yan án lọ́dún pípẹ́, ó ti le bí ìpẹ́pẹ́ igi. Nígbà tó bá gbẹ, kò séwu. Ọjọ́ tó bá tutù ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Fífọ̀ tí mò ń fọ̀ ọ́ kò bà á jẹ́, ó ti bàjẹ́ tipẹ́.

Bàbá fi ọ̀bẹ gé bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà kúrò lórí wáyà, ibi tó ti dúdú tó sì ti ń hu ìpẹtà, ó wé orí rọ́bà tuntun mọ́ ọn, ó parí. Owó rọ́bà yẹn kò tó ìdajì owó ọ́ìlì tí mo ti dà nù.

Bí wáyà àti rọ́bà bá dára tó ṣì ń mísì, kabúrétọ̀ ló kàn. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ abọ́ kabúrétọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, bó ṣe máa ń wà lábẹ́ epo pupa nínú ìkòkò, ibẹ̀ náà sì ni jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnì, ti ń fa epo. Súkúrù kékeré kan wà nísàlẹ̀ abọ́ náà. Pa epo, dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, tú súkúrù náà, kó o gbe ohun tó bá jáde sínú ìgò. Bí omi bá wà, wàá rí i tó pín sọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Omi yìí sábà máa ń gba ìdérí tánkì wọlé bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó. Bó bá jẹ́ èéfín dúdú ló ń tú, fílítà afẹ́fẹ́ ló mu omi, yọ ọ́ sá.

Ọjọ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì Gáréèjì Ọ̀fà yẹn lè jóòótọ́: ọjọ́ tí àgbàrá bá bo máṣíìnì mọ́lẹ̀ dé ibi fílítà. Lọ́jọ́ yẹn, má fẹsẹ̀ ta á rárá, torí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, kò lè fún omi pọ̀, agbára ẹ á bọ́ sára irin tó gbé e dúró, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Yọ púlọ́ọ̀gì ná, kó o wá rọra ta á kí omi tú jáde lójú ihò. Lẹ́yìn náà ni kó o tú ọ́ìlì wò. Bó bá rí bíi tíì oní-mílíìkì, dà á nù, rọ òmíràn, tan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó o sì tún da ìyẹn nù.